Ta Ló Ni Orin Tí O Kọ?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀dọ́ olórin sọ ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta, ní ọ̀sán Sátidé kan nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo yọ àwọn ibi tí mo ti kọrin kúrò, mo sì fi díẹ̀ kún ibi tí iná ti lọ, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń pariwo jù mí lọ.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ gbé gìtá dání bí ẹni tó wá dán mi wò, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú oòrùn náà. Ẹni tó wá pè mí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìgbésí ayé akọrin tó dá dúró. Mo bi í pé ṣé ẹkún ló fẹ́ kí n wá sun ni àbí ó fẹ́ kí n wá yangàn. Ó ní kí n ṣe méjèèjì, kí n ṣáà má jẹ́ kó pẹ́ ju wákàtí kan lọ.

"Dá dúró" yìí, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò díẹ̀. Ta la máa ń sọ ọ́ fún nílé? Ọmọ tó ń kọ́ ìrìn ni. A ó gbé e dúró sáàárín ilé, a ó máa wí pé "dá dúró, dá dúró", a ó sì na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn rẹ̀ kó má baà fi orí gbálẹ̀. Ọmọ á máa rẹ́rìn-ín, ó rò pé òun nìkan ló dúró. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kọrin, bó sì ṣe rí fún èmi náà nìyẹn. Àjọ tí ìyá mi kó ní Ìtòkú, níbi tó ti ń ta àdìrẹ, ni mo fi san owó sítúdíò àkọ́kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ń gbé ẹ̀rọ ìgbohùn kiri. Aya onílù mi ló ń se oúnjẹ tá à ń jẹ bá a bá ń dánra wò. Èmi nìkan lorúkọ mi wà lára pátákó.

Nígbà yẹn, bí mo bá ní èmi fúnra mi ni mò ń ṣe orin mi, ìyá mi á ní, "Ṣé wẹ́n ò gbà ọ́ níbì kankan ni?" Lójú tiwọn, ẹni tí kò rí ọ̀gá ló ń dá ṣe é. Wọn ò jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló bẹ̀rẹ̀ báyìí torí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ wa. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe lóye ọ̀rọ̀ náà lónìí, akọrin tó dá dúró ni ẹni tó fúnra rẹ̀ kọ orin rẹ̀, tó fúnra rẹ̀ wá owó tó fi gbà á sílẹ̀, tí ìwé orin náà sì wà lórúkọ rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ rọrùn fún mi. Èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹ̀kẹta ni mo mọ̀ kẹ́yìn, òun gan-an ló sì yẹ kí n kọ́kọ́ mọ̀. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti orin fúnra rẹ̀, torí bí orin ò bá dára, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jìjà ìwé.

Orin ò ṣàjèjì sí ìlú wa yìí. Fẹlá lẹ sábà máa ń dárúkọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, Abẹ́òkúta níbí la bí i sí ní 1938. Bàbá bàbá rẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ lọ wá gbọ́, Josiah Jesse Ransome-Kuti, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n bí ní 1855. Ní 1922, baba yìí wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone, pẹ̀lú dùùrù. Kò tíì sí rédíò ní Nàìjíríà nígbà yẹn o. Ohun tó mú mi fẹ́ràn baba náà ni ọ̀rọ̀ ohùn. Àwọn míṣọ́nnárì ti túmọ̀ orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì la sì fi ń kọ ọ́. Ohùn yẹn ò mọ̀ pé èdè wa ní òkè, ó ní àárín, ó ní ìsàlẹ̀. Ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ sọ̀ kalẹ̀, orin á gbé e gòkè, ọ̀rọ̀ á sì di ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ẹni tó ń yin Ọlọ́run. Ransome-Kuti mú ohùn orin ilẹ̀ wa, ó fi ọ̀rọ̀ Ìhìnrere sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì jókòó sáyè rẹ̀.

Ẹ má rò pé àwọn òyìnbó nìkan ló ń ṣe irú àṣìṣe yẹn. Orin kejì tí mo kọ láyé mi, orin ìdágbére ni. Ọkùnrin kan fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Lafẹ́nwá, ìyàwó rẹ̀ ń sìn ín lọ. Ẹsẹ àkọ́kọ́ ni "Ọkọ̀ ń lọ láti Lafẹ́nwá". Mo ti gbọ́ orin òyìnbó kan lórí rédíò tí ohùn rẹ̀ ń gun òkè wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbẹ̀rẹ̀, ó wù mí, mo sì fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ gbé e. Mo kọ ọ́ fún ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù, inú mi ń dùn. Wọ́n ń ká aṣọ lọ, wọn ò wo ojú mi. Nígbà tí mo parí, wọ́n ní, "Ọkọ́ ta ló ń dá rìn lọ láti Lafẹ́nwá?"

Ẹ rí i bẹ́ẹ̀? "Ọkọ̀" ni mo kọ sínú ìwé, re dò. Ohùn tí mo yá gbé e di re mí, "ọkọ́", ohun tá a fi ń ro oko. Mo jókòó síbẹ̀, mo sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu lásán bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Mo wá gbọ́ pé orin ti wà nínú rẹ̀ kí n tó dé. Ó bẹ̀rẹ̀ láàárín, ó sọ̀ kalẹ̀ níbi "kọ̀", "ń lọ" mú un dúró, "wá" ìparí fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ pé ẹ jẹ́ kí n gòkè. Mo kàn tẹ̀ lé e ni. Láti ìgbà náà, mi ò gbé gìtá kí n tó fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ orin tán. Bí mo bá ń rìn láti Sápọ́n lọ sí Ìtòkú, tẹ́ ẹ rí mi tí mò ń dá sọ̀rọ̀, ẹ má bẹ̀rù, iṣẹ́ ni mò ń ṣe.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan níbí máa ní kò pọn dandan mọ́, pé àwọn olórin òde òní ń fi Yorùbá ṣe bó ti wù wọ́n, àwọn èèyàn sì ń jó. Òótọ́ ni. Ijó ò bèèrè ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n orin tẹ́nì kan máa jókòó tì ní òru nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ká a lára, ẹni yẹn ò gbọ́dọ̀ máa ṣàlàyé fún ara rẹ̀ bóyá ọkọ̀ ni àbí ọkọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá wo ẹni tó ń jẹ orin náà.

Àwọn baba wa tó kọrin nílùú yìí, ṣé wọ́n dá dúró? Ẹ gbé Yusuf Ọlátúnjí yẹ̀ wò, Baba Lẹ́gbàá, ọba sákárà, tó kú ní 1978. Ẹ gbé Àyìnlá Ọmọwúrà tó kọ àpàlà, tó kú níbí ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1980. Àwọn méjèèjì ló ń kọ orin ara wọn. Ẹnì kankan ò kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún Àyìnlá kó wá máa kà á. Ẹnu rẹ̀ mú, orí rẹ̀ pé, onílù àgbà rẹ̀ Adéwọlé Onílùọlá sì mọ ibi tó ń lọ kó tó débẹ̀. Ní ti ká kọ orin, wọ́n dá dúró ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Ṣùgbọ́n Philips ló ń gbé àwo Ọlátúnjí jáde, EMI ló ń gbé ti Àyìnlá. Ẹni tó ni ẹ̀rọ, tó ni ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ àwo, òun ló ń pín owó. Apá kejì owó wọn ń bọ̀ láti òde, lọ́wọ́ àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n ń kì. Ọ̀pọ̀ orin Ọlátúnjí, orúkọ èèyàn lorúkọ rẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n tètè ta kìjí. Ní 1969, Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, àti I. K. Dairo tó ń kọ jùjú, da owó pọ̀, wọ́n sì dá Star Records sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ àwo tó jẹ́ ti olórin fúnra wọn. Nígbà tó di 1979, Hárúnà ti kọ́ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ibi tí wọ́n ti ń gba orin sílẹ̀ tí wọ́n sì ń tẹ àwo. Alápàlà tí kò lọ ilé-ìwé gíga kankan rí ohun tí ọ̀pọ̀ wa tá a ní ìwé-ẹ̀rí ò rí: pé ohùn ọ̀hún máa ń rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a fi gbà á sílẹ̀ kì í darúgbó bí ọ̀fun. King Sunny Adé náà bá ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo rẹ̀ jáde ṣẹjọ́ láàárín ọdún 1970 sí 1979 kó tó dá Sunny Alade Records sílẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ni orin jẹ́ àṣà tuntun tí íntánẹ́ẹ̀tì gbé dé, irọ́ ni.

Fẹlá tiẹ̀ ṣe é lọ́nà tó yà mí lẹ́nu jù. Tó bá ti gba orin kan sílẹ̀ sínú àwo, kì í kọ ọ́ lórí ìtàgé mọ́. Ẹni tó bá wá sí Shrine, ilé ijó rẹ̀ ní Èkó, orin tuntun ló ń gbọ́. Mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ o, ebi á pa mí. Bí mo bá dé òde tí mi ò kọ orin tí wọ́n mọ̀, ìjókòó ni wọn á fi jù mí. Ṣùgbọ́n mo máa ń rò ó pé ọkùnrin yẹn ò jẹ́ kí àwo di ọ̀gá òun.

Wàyí o, tèmi. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì wá bi mí lẹ́yìn ìpàdé.

Ní nǹkan bí ọdún 2012, mo pàdé ọkùnrin kan tó ní sítúdíò ní Èkó. Ó gbọ́ orin Lafẹ́nwá yẹn, èyí tí mo ti tún ṣe, ó ní òun máa gbà á sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. "Àbúrò, a jọ ń ṣe é ni." Gbólóhùn yìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ mo dúpẹ́. Ọjọ́ méjì la fi ṣe é, ó ra oúnjẹ fún wa, ó gbé wa dé gáréèjì. Kò sí ìwé kankan láàárín wa, torí ta ló ń gbé ìwé wá fún ẹni tó ra oúnjẹ fún un?

Oṣù mélòó kan kọjá. Mo fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó láti Kútọ̀ níbí. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ní ₦600, mo ní ₦500 ló wà lọ́wọ́ mi, mo sì ń bẹ̀ ẹ́. Rédíò inú ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀ lọ. Bí mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́, ni mo gbọ́ gìtá tèmi. Ohùn mi tẹ̀ lé e. "Ọkọ̀ ń lọ láti Lafẹ́nwá." Kọ̀ndọ́kítọ̀ náà gbè é! Ó ń kọ orin mi sí mi lójú, ó ń na ọwọ́ pé kí n mú ₦100 tó kù wá. Màmá kan lẹ́yìn ló bá mi san án. Mo jókòó, mo di àpò mi mú, mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni. Ta ló máa gbà mí gbọ́?

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá mọ̀ pé orin náà ti wà lórí fóònù àwọn èèyàn gẹ́gẹ́ bíi caller tune, àti pé ọkùnrin náà ti fi orúkọ ara rẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbi gbogbo, ọ̀rọ̀ àti ohùn. Nígbà tí èmi fúnra mi fẹ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n dá mi lóhùn pé orin olórin ni. Mo pè é. Ó ní, "Ṣebí mo sọ fún ẹ pé a jọ ń ṣe é ni."

Lọ́yà tí ọ̀rẹ́ mi kan mú mi lọ bá ò gba owó lọ́wọ́ mi, Ọlọ́run á san án fún un. Ó kọ́kọ́ bi mí pé, "Ìwé dà?" Mo ní kò sí. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òun náà ò ní ìwé nìyẹn." Ó wá là mí lóye ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo yín gbé lọ sílé. Nínú orin kan, nǹkan méjì ló wà. Ọ̀kan ni orin tí o kọ, ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀, bó ṣe wà lórí rẹ àti nínú ìwé rẹ. Èkejì ni bí a ṣe gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ kan pàtó, ní sítúdíò kan pàtó, èyí tí àwọn ará sítúdíò ń pè ní mástà. Ẹni ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè ni méjèèjì. Ẹni tó kọ orin ló ni ín láti ọjọ́ tó ti kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí tó ti gbà á sílẹ̀, kò dìgbà tó bá forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Òfin sì ní bó bá fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn pátápátá, àfi kó wà nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tó, oúnjẹ ò tó, "a jọ ń ṣe é" ò tó.

Mástà yẹn díjú, owó rẹ̀ ló fi ṣe é, mi ò sì lágbára ẹjọ́ ọlọ́dún mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n orin ṣì jẹ́ tèmi. Nítorí náà, mo lọ sí sítúdíò mìíràn, mo san owó mi, mo gba rìsíìtì, mo sì tún orin náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mástà kejì yìí, tèmi ni. Ó tiẹ̀ dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí ohùn mi ti gbó sí i, mo sì fi gángan kún un. Nígbà tí wọ́n bá bi mí lẹ́yìn ìgbà náà pé èwo ni àtilẹ̀bá, mo máa ń ní èyí tó ń bọ́ mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọdún ṣàlàyé bí ẹ̀tọ́ yìí ṣe gùn tó, torí àwọn kan rò pé eré ni. Òfin tuntun tó ń dáàbò bo iṣẹ́ àtinúdá ní Nàìjíríà, òfin 2022 tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kẹta 2023, ní ẹ̀tọ́ orin wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ títí tó fi máa kú, á sì wà lọ́wọ́ àwọn àrólé rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn náà. Ẹ ṣírò ẹni tó kú ní 1980. Bí kò bá ta ẹ̀tọ́ rẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, títí di ìparí 2050 ni. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tí wọn ò tíì bí nígbà tó kú lè fi san owó ilé-ìwé. Ti mástà kéré sí i, 50 ọdún. Nígbà tí ẹnì kan bá ní kó o tọwọ́ bọ ìwé kékeré kan kẹ́ ẹ lè tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ nìyẹn.

Ìjà tiwa náà wà nílé o, torí ẹ̀yin gan-an lè di ọkùnrin sítúdíò yẹn lọ́la. Gángan tí mo ní mo fi kún orin náà, onílù mi ló dá ìlù ìṣáájú rẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn ń fi ẹnu lù. Ṣé kò kọ nínú orin náà ni? Mo ní ìwé àkọsílẹ̀ kan báyìí, ìwé ọlọ́gọ́rùn-ún ojú ewé táwọn ọmọ ilé-ìwé ń lò. Lọ́jọ́ tá a bá ti parí orin, kí ẹnikẹ́ni tó dìde, a ó kọ déètì, a ó kọ orúkọ oníkálukú, ohun tó ṣe, àti ìpín rẹ̀ nínú 100. Kálukú á fọwọ́ sí i. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tá a ṣe é, ojú ti gbogbo wa, bí ẹni tó ń pín ogún nígbà tí baba ṣì wà láàyè. Onílù mi ní òun ò fẹ́ nǹkan kan. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Ó ronú, ó ní kí n kọ 25.

Owó ńkọ́? Mo mọ̀ pé ìdí tí ọ̀pọ̀ yín fi wá nìyí, ṣùgbọ́n mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ lè gbé orin yín sórí Spotify, Audiomack, Boomplay àti àwọn yòókù láti inú yàrá yín. Àwọn bíi DistroKid tàbí TuneCore ló máa bá yín pín in kiri, kálukú sì ní bó ṣe ń gba owó tirẹ̀. Gbogbo orin tẹ́ ẹ bá gbà sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ISRC, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12, bíi nọ́ńbà ara mọ́tò. Ẹni tó bá gbọ́ orin yín lórí Spotify tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá 30, wọn ò kà á. Láti 2024 sì ni wọ́n ti ní orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12, wọn ò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Owó àkọ́kọ́ tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fi ra mílíìkì agolo kan, ṣéńjì ò sì tó fún súgà. Fún ti rédíò àti hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MCSN tó ń bá olórin gba irú owó bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù gan-an.

Òde ló ń bọ́ wa. Ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìkómọjáde, oyè jíjẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú kéré òde nítorí pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣáà gba ìdajì owó kẹ́ ẹ tó gbé ìlù jáde nílé. Ìnáwó lójú agbo tiẹ̀ ti ń yí padà. Òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ti sọ pé ẹni tó bá ń ná owó náírà sí olórin lára tàbí tó ń jó lórí rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n, ó kéré tán oṣù mẹ́fà, tàbí kó san ó kéré tán ₦50,000, tàbí méjèèjì. A ò ka òfin náà sí títí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú èèyàn lemọ́lemọ́ ní 2024. Ní báyìí, ẹlòmíràn á kọ́kọ́ jó dé iwájú mi, á yọ fóònù, á ní kí n pe nọ́ńbà àkáǹtì mi. Mo ti kọ nọ́ńbà báńkì lórin rí, ẹ ṣáà má rẹ́rìn-ín. Ó bá ohùn mu.

Bí mo bá dé òde, mo máa ń kì èèyàn. Ṣùgbọ́n mi ò fi orúkọ ẹnikẹ́ni sínú orin tí mo bá gbà sílẹ̀. Ìdí mi ni pé mo fẹ́ kí ẹni tí kò mọ ẹni náà ráyè wọ inú orin. Mo mọ̀ pé ẹ̀rí tó ta kò mí wà: orúkọ èèyàn kún inú àwo Ọlátúnjí fọ́fọ́, títí dòní ni wọ́n sì ń gbọ́ ọ. Bóyá orin ọ̀hún ló dára tó bẹ́ẹ̀. Bóyá èmi ni mi ò tíì rí ẹni tó tó kì.

Bàbá kan tó jókòó sẹ́yìn ló kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè. Wọ́n ní kí ló dé tí mo ń sọ̀rọ̀ ìwé, ìwé, ìwé, bí ẹni pé orin ò ti ọkàn wá mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn lọ́rọ̀ ẹnu, torí obìnrin ni mí. Mo ní, "Bàbá, ilé tẹ́ ẹ kọ́, ọkàn lẹ fi kọ́ ọ, ṣé ẹ ò ní ìwé ilẹ̀ rẹ̀?" Wọ́n ní wọ́n ní in. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ọmọ onílẹ̀ tiẹ̀ ti wá. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ọmọkùnrin kan béèrè bóyá kí òun gba máníjà. Mo ní tí kò bá tíì sí ohun tí máníjà máa bójú tó, ọ̀rẹ́ ló ń wá, kò sì yẹ kó máa pín owó pẹ̀lú ọ̀rẹ́.

Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ ilé-ìwé ló béèrè èyí tó kẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ kéré, mo ní kó sún mọ́ máìkì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ilé-iṣẹ́ ńlá kan bá gbé ìwé àdéhùn wá fún yín lọ́la, ṣé ẹ máa tọwọ́ bọ̀ ọ́?"

Mo ní màá kà á. Mo ní mi ò bá ilé-iṣẹ́ kankan ṣọ̀tá, mo ti gbé jẹnẹrétọ̀ títí ẹ̀yìn mi ti fẹ́ kán. Màá ṣí ojú ewé tó bá sọ̀rọ̀ mástà ná. Bí wọ́n bá ní ọdún méje ló máa wà lọ́wọ́ wọn, tí á sì padà sọ́dọ̀ mi, tí owó náà bá jọ owó, màá tọwọ́ bọ̀ ọ́, màá sì pè yín wá jẹun.

Ó ní, "Bí wọ́n bá ní títí láé ńkọ́?"

Ìgbà yẹn gan-an ni iná dé. Ẹnì kan pa jẹnẹrétọ̀, gbogbo ilé sì pa lọ́lọ́, wọ́n ń wò mí. Mo ní tí wọ́n bá ti ní títí láé, kí wọ́n wá wò mí ní Ìtòkú, ní ṣọ́ọ̀bù ìyá mi, mò ń ká àdìrẹ.